Ìlú wo ni kí èmi àti ọkọ mi yọ kúrò nínú ìrìn àjò wa sí àríwá Íńdíà?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wu èmi àti ọkọ mi láti rí àwọn ìlú àtijọ́ tí àwọn ọba Mughal fi ilé ńláńlá sí ní àríwá Íńdíà, a sì ti pinnu láti lọ láti Èkó ní ìparí ọdún. Delhi, Agra, Jaipur àti Varanasi ni a kọ sílẹ̀. Àmọ́ ìsinmi tí ibi iṣẹ́ fún ọkọ mi kò gùn, orúnkún wọn kò sì gbà wọ́n láyè láti máa gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí a yọ, oṣù wo ni ó sì dára jù?

Ìdáhùn kìíní
Ẹ kú ìmúra, mà. Oṣù kọkànlá ni kí ẹ lọ, nítorí pé bí ó bá di oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, kùrukùru máa ń bo ilẹ̀ náà débi pé ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ òfurufú a máa pẹ́ gan-an. Agra ni kí ẹ fún láyè jù, kí ẹ má sì ṣe dé ibẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, torí pé wọn kì í ṣí Taj Mahal fún àlejò lọ́jọ́ náà. Ní ọdún 1631 ni Mumtaz Mahal kú nígbà tí ó ń bí ọmọ rẹ̀ kẹrìnlá, ọkọ rẹ̀ Shah Jahan, ọba Mughal, sì bẹ̀rẹ̀ Taj Mahal láti fi ṣe ibojì rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní 1658, Aurangzeb ọmọ wọn gba ìjọba lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì há a mọ́ inú Odi Agra títí ó fi kú ní 1666. Ẹ ó rí Taj Mahal lókèèrè, létí odò Yamuna, láti inú odi yẹn. Lójú tèmi, tọkọtaya tí ó bá wo Taj Mahal láìdé Odi Agra kò tíì gbọ́ ju ìlàjì ìtàn náà lọ. Varanasi ni kí ẹ yọ, ó jìnnà.

Ìdáhùn kejì
Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí, mà. Láti Nàìjíríà ni ẹ ti ń bọ̀, nítorí náà wọn yóò béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú lọ́wọ́ yín. Ẹ rí i pé abẹ́rẹ́ náà ti lé ní ọjọ́ mẹ́wàá lára yín kí ẹ tó wọ ibẹ̀, kí wọ́n má baà yà yín sọ́tọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú.

Ìdáhùn kẹta
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ́kọ́ sọ nípa Varanasi. Jaipur lẹ́wà lóòótọ́: Jai Singh Kejì ni ó dá a sílẹ̀ ní 1727, wọ́n sì kun ún ní àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ ní 1876 láti fi kí ọmọ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì káàbọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Delhi àti Agra, ààfin àti odi mìíràn náà ni ẹ óò tún máa wò. Ìlú ìjọsìn ni Varanasi. Àtẹ̀gùn pọ̀ létí odò Ganges lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá háyà ọkọ̀ ojú omi ní ìdájí, ẹ óò rí àwọn tí ń wẹ̀ àti àwọn tí ń gbàdúrà láìjẹ́ pé ọkọ yín ń gùn ún lọ gùn ún bọ̀. Ẹ tún wọkọ̀ nírọ̀lẹ́ láti wo ìjọsìn oníná ní Dashashwamedh, ọ̀kan lára àwọn àtẹ̀gùn etí odò náà. Ní Manikarnika, níbi tí wọ́n ti ń sun òkú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ya fọ́tò. Ẹni ẹlẹ́ni ni ó ń ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an ni. Èmi àti ọkọ mi ti jọ kà á, Jaipur ni a yọ. A óò wọ ọkọ̀ òfurufú láti Delhi lọ sí Varanasi, a ti fi Agra sí Ọjọ́bọ̀, a óò sì lọ gba abẹ́rẹ́ náà lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.