Script tó ń kó iṣẹ́ wọ Git ń falẹ̀ jù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Òkun o, ẹ̀yin ará. Kàbà ni mo wà. Mo ń kó ìtàn sọ́fítíwia ìṣirò owó kan wọ inú Git, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tó bá bá fáìlì. Ẹni tó kọ ọ́ kò lo Git rí, fódà tuntun ló ń ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sí lójoojúmọ́, ó lé ní 3,000, fáìlì bíi 200 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí Git Bash nínú Windows, script mi (àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé) ń pe `git hash-object -w` àti `git update-index` fún fáìlì kọ̀ọ̀kan láti fi í sínú Git, kó tó wá kan `git commit-tree` tó ń ṣe commit, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe rí lọ́jọ́ kan. Láti aago méje àárọ̀ títí iná fi lọ lọ́sàn-án, fódà 400 péré ló wọlé. Bátìrì inverter mi ò lè gbé e dópin láé.

Ará Ìsánlú: Òkun, àbúrò. Git kò lọ́ra, bí o ṣe ń pè é ló ń jẹ àkókò. Fáìlì 200 túmọ̀ sí pé process 400 (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) ló ń dìde tó ń kú nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo, Windows sì lọ́ra ju Linux lọ níbi ká dá process sílẹ̀. Ìwọ náà wò ó: ta ló ń wọkọ̀ láti Kàbà lọ Lọ́kọ́ja nítorí iṣu kan, tó tún ń padà wá gbé èkejì? Lo `git fast-import`. Ó ti wà nínú Git láti 2007. Ẹ̀ẹ̀kan ni wàá pè é. Script rẹ á máa da ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, òun á sì kọ packfile (fáìlì ńlá tí Git ń di iṣẹ́ pọ̀ sí) fúnra rẹ̀. Fáìlì tí kò bá yí padà, má tún un kọ. Commit tuntun ń jogún ti àná. Èyí tí wọ́n bá pa rẹ́, fi `D` sí i.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo fi Python kọ ọ́, ó kú síbi commit kejì: `fatal: Unsupported command`. `len()` ni mo fi ka ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn `data`, àṣẹ tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ ṣe gùn tó.

Ará Mọ̀pà: Ṣé Yorùbá lo fi kọ commit? Báìtì ni `fast-import` ń kà, kì í ṣe lẹ́tà. “Àtúnṣe” jẹ́ lẹ́tà 6, ṣùgbọ́n báìtì 10 ni bí kíbọ́ọ̀dù mi ṣe ń tẹ̀ ẹ́: `À` àti `ú` jẹ́ méjì méjì, `ṣ` nìkan jẹ́ mẹ́ta. Sọ ọ́ di UTF-8 (ọ̀nà tí a fi ń sọ lẹ́tà di báìtì) kó o tó kà á. Kó o sì gba `sys.stdout.buffer` kọ ọ́ jáde, kí Windows má baà fi báìtì kan kún òpin ìlà. Nítorí iná, fi `checkpoint` (àṣẹ pé kó tọ́jú ibi tó dé) sí i lẹ́yìn gbogbo fódà 100. Láìsí i, bí iná bá lọ lójijì, ẹ̀ka rẹ (branch, orúkọ tó ń tọ́ka sí commit tó kẹ́yìn) ò ní tíì sún kúrò níbi tó wà.

Olùbéèrè: Ó ti parí, bátìrì ò tíì dé ìdajì! Mo ṣe `git reset --hard` kí fáìlì commit tó kẹ́yìn lè jáde, mo wá fi `diff -r` wé e pẹ̀lú fódà tó kẹ́yìn. `.git` nìkan ló dá yàtọ̀.