Ìrinlẹ̀ àti àbùkún: ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ yíyan ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ omi. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Jos dábàá pé kí á pe òjò tí ilẹ̀ pápá orí òkè fà mu ní "omi tó sọnù". Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí á gbà á wọlé. Omi náà kò sọnù. Òun ló ń yọ ní sẹ́lẹ̀rú lẹ́bàá òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì wà lára ohun tó ń bọ́ odò Kàdúná, tó ṣẹ̀ láti òkè Jos.

"Ìrinlẹ̀" ni mo fara mọ́ fún bí omi ṣe ń wọ ilẹ̀. Àgbẹ̀ a máa dúró kí òjò rin ilẹ̀ kó tó gbin àgbàdo. Ẹnu wa ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Lábẹ́ koríko, ewé ló ń gba ìlù òjò, gbòǹgbò àti ekòló á lu ihò, omi á gba ibẹ̀ wọlé. Níbi tí màlúù ti tẹ ilẹ̀ tó fi le gbagidi, òjò kan náà á di àgbàrá.

Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ rin kò ní kí omi kànga pọ̀ sí i. Òjò mìlímítà 10, lítà 10 ni lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan. Gbòǹgbò á kọ́kọ́ mu tirẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó bá sọ̀ kọjá gbòǹgbò nìkan ló ń bù kún omi abẹ́ ilẹ̀. "Àbùkún" ni kí á pe ìyẹn. Láìsí ọ̀rọ̀ méjèèjì, a ò lè ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní òkè Mambilla, ní Ìpínlẹ̀ Tàràbà: abẹ́ igi yukalípítọ́ọ̀sì lè rin dáadáa kí àbùkún sì kéré, torí gbòǹgbò rẹ̀ jìn, ó sì ń mu omi lọ nígbà tí koríko ti gbẹ.

Ẹnì kan ní bí "n" bá já, tí a kò sì fi àmì ohùn sí i, àbùkún á di àbùkù. Òótọ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ olóòtú nìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá fẹ́ wọn méjèèjì, ẹ gé ìdí agolo, ẹ gbá a wọ ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ bu omi sí i, kí ẹ fi rúlà wo bó ṣe ń fà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ilẹ̀ gbígbẹ á kọ́kọ́ gbé e mì kíákíá. Ẹ máa bu omi kún un títí tí ìwọ̀n tó ń fà ní ìṣẹ́jú márùn-ún kò fi ní yí padà mọ́. Bí omi bá ń yọ létí agolo, agolo náà ni kò wọlẹ̀ tó. Ìrinlẹ̀ lẹ wọ̀n yẹn. Ti àbùkún, inú kànga ni: ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ wọn etí kànga dé ojú omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní kùtùkùtù kí ẹnikẹ́ni tó fà á. Bí òjò bá ti ń rin ilẹ̀ tí ojú omi kò tíì gòkè, ìrinlẹ̀ wà, àbùkún kò tíì dé.