Ọmọ Ọba Tó Yọ́ Jáde Lóru

Èmi àti màmá mi la jọ wo fíìmù Roman Holiday. Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí náà èmi ni mò ń túmọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọ̀rọ̀ bàtà, wọn ò jẹ́ kí n lanu. Ọmọ ọba, Ann, wà lórí ìdúró, àwọn ọlọ́lá ń wá kí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ló bá yọ ẹsẹ̀ kan kúrò nínú bàtà gogoro lábẹ́ aṣọ gígùn rẹ̀. Bàtà ṣubú. Ó ń fẹsẹ̀ tá a kiri, ọwọ́ rẹ̀ ń bọ àwọn àlejò, ojú rẹ̀ ò yí padà. Màmá ní, "Áà, ọmọ ọlọ́mọ! Wọn ò kúkú jẹ́ kó jókòó." Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti gba ti ọmọ náà.

Nígbà tó wá sá jáde lóru, tó gé irun, tó ń lá áísìkiriìmù níbi àtẹ̀gùn láàárín ìgboro Róòmù, ẹnu yà wọ́n. Ta ló rí ọba tó ń jẹun ní gbangba rí nílé wa?

Èmi ò lè gbàgbé ojú òkúta tó wà ní ìloro ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria in Cosmedin. Wọ́n ní bí òpùrọ́ bá kọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, yóò gé e jẹ. Bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló ń parọ́ fúnra wọn: Ann ò sọ ẹni tóun jẹ́, Joe, oníròyìn tó ń mú un kiri Róòmù, ò sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n, pé ọ̀gá òun ti ṣèlérí 5,000 dọ́là fún ìròyìn nípa rẹ̀. Joe kọwọ́ bọ̀ ọ́, ó kígbe, ó fà á yọ, kò sọ́wọ́! Ó ti fà á sínú apá kóòtù. Gregory Peck tó ṣe Joe ò sọ fún Audrey Hepburn tó ṣe Ann tẹ́lẹ̀. Igbe tí Hepburn ké yẹn, igbe gidi ni.

William Wyler tó darí rẹ̀ ló ta kú pé Róòmù gan-an làwọn á ti yà á. Ọdún 1953 ló jáde, Hepburn sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar. Ohun tó dùn mí ni ti òǹkọ̀wé Dalton Trumbo. Òun ló ronú ìtàn ọmọ ọba tó fi orúkọ pamọ́, àmọ́ wọ́n ti fòfin dè é ní Hollywood nítorí ọ̀rọ̀ kọ́múníìsì, orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ sí i. Ọdún 1993 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Oscar ìtàn náà fún ìyàwó rẹ̀. Trumbo ti kú láti 1976.

Ní ìparí, Joe ò kọ ìròyìn kankan, ayàwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì kó gbogbo fọ́tò lé Ann lọ́wọ́. Màmá pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá ní kí ló dé tí Joe ò tẹ̀lé e. Mo ní Ann ti sọ ọ́ fáwọn ènìyàn rẹ̀: bí kì í bá ṣe ti ẹbí àti ìlú òun, òun ò ní padà wá. Fúnra rẹ̀ ló padà, ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Màmá ò gbà. Wọ́n ní ká ní Joe kó àwọn àgbà lẹ́yìn lọ bẹ bàbá ọmọ, wọn ì bá fún un.