Kí ló dé tí ìròyìn àti fíìmù ṣì ń fi ojú kan ṣoṣo wo obìnrin Mùsùlùmí?

Àbẹ̀kẹ́_K béèrè:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Benazir Bhutto di olórí ìjọba Pakistan ní 1988, Samia Suluhu Hassan sì di ààrẹ Tanzania ní 2021. Síbẹ̀, nínú ìròyìn àti fíìmù, ẹni tí ọkọ tàbí bàbá ń fìyà jẹ ni obìnrin Mùsùlùmí sábà máa ń jẹ́. Kí ló dé tí èyí ò tán? Báwo lèèyàn ṣe lè dá a mọ̀?

Olóòtú_Àgbà:
Ẹ wo fọ́tò ná. Olóòtú tí àkókò ti ká mọ́ á lọ wá àwòrán nínú àpamọ́, èyí tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti lò jù, ìyẹn obìnrin tó fi níkáàbù dúdú bojú, ló sì máa tètè rí. Bó ṣe ń mú un, bẹ́ẹ̀ ló ń mú kó rọrùn fún ẹlòmíì láti tún un mú. Bí ìròyìn náà bá tiẹ̀ jẹ́ ti owó ilé ìwé, fọ́tò yẹn náà ni.

Onítàn:
Ó ti pẹ́ o. Lord Cromer, tó jẹ́ ojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íjíbítì láti 1883 sí 1907, ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìbòjú àwọn obìnrin ibẹ̀. Nígbà tó padà sílé, ó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tí kò fẹ́ kí obìnrin dìbò! Àwáwí fún ìṣàkóso lọ̀rọ̀ ìbòjú yẹn. Ní November 2001, bí Amẹ́ríkà ṣe ń ja Afghanistan, Laura Bush, ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ lórí rédíò pé ìjà nítorí ẹ̀tọ́ obìnrin náà ni.

Àbẹ̀kẹ́_K:
Fíìmù ńkọ́?

Awòye:
Ní 2021, àwọn olùwádìí Yunifásítì Southern California yẹ fíìmù 200 wò, èyí tó jáde láàárín 2017 sí 2019. Nínú gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Mùsùlùmí ò ju 1.6 nínú 100 lọ, obìnrin ò sì tó ìdá mẹ́rin wọn. Bí wọ́n bá kéré tó báyìí, ẹnì kan ní ń ru ẹrù gbogbo wọn.

Ẹ lo ìdánwò Riz, tí wọ́n fi ń yẹ bí fíìmù ṣe ń fi Mùsùlùmí hàn wò, tó sì ní ìbéèrè márùn-ún. Èyí tó kan obìnrin ni pé: ṣé àwọn ọkùnrin rẹ̀ ń ni ín lára? Àmọ́ kì í ka iye ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà sọ, torí náà ẹ kà á fúnra yín.

Olóòtú_Àgbà:
Ẹ má tìtorí èyí bo ìyà tó wà lóòótọ́ mọ́lẹ̀. Láti 2021 ni Taliban, tó ń ṣàkóso Afghanistan, ti ń dí àwọn ọmọbìnrin lọ́wọ́ ilé ìwé girama. Ó yẹ ká máa ròyìn rẹ̀. Ẹ dárúkọ ìjọba tó ṣòfin náà àti ọdún tó ṣe é, kí ẹ sì jẹ́ kí obìnrin Afghanistan ṣáájú nínú àwọn tó máa sọ̀rọ̀, kí ògbógi ilẹ̀ òkèèrè tó dá sí i.