Ìbínú àti ẹkún tó máa ń ṣáájú nǹkan oṣù mi: ṣé àìsàn ni?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Ó ti pẹ́ tí ó ti jẹ́ pé bí nǹkan oṣù mi bá ti ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ara mi kì í lélẹ̀ mọ́. Ọmú a máa wú, inú a máa kún, oorun a sì máa dá lójú mi, ṣùgbọ́n ti ọkàn ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ọ̀rọ̀ tí n óò fi rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn ni yóò mú mi jágbe mọ́ ọkọ àti àwọn ọmọ mi, lẹ́yìn náà n óò wọ yàrá lọ sunkún, yóò sì máa ṣe mí bí ẹni pé n kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé, láàárín ọjọ́ mélòó kan gbogbo rẹ̀ á ti wábi gbà. Àwọn ará ilé ní ìwà lásán ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan

Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Kì í ṣe ìwà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa ń rí àmì díẹ̀ kí nǹkan oṣù tó dé, èyí tí a mọ̀ sí PMS bó bá ti ń ni wọ́n lára. Èyí tó le jù, tí ìbínú, ìbẹ̀rù tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jẹ́ olórí rẹ̀, ni PMDD, ó sì ti wà nínú DSM-5, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ fi ń dá àìsàn ọkàn mọ̀, láti ọdún 2013 gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró.

Ìwọ̀n họ́mọ̀nù àwọn tó ní i kì í sábà yàtọ̀ sí ti obìnrin mìíràn. Ọpọlọ wọn ni kì í lè gba ìyípadà tó ń bá họ́mọ̀nù wọ̀nyí lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jáde, nítorí náà má ṣe náwó sórí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ torí àtimọ PMDD. Àkọsílẹ̀ ló ń fi í hàn. Ní alaalẹ́, fún ìyípo nǹkan oṣù méjì ó kéré tán, kọ bí ìbínú, ẹkún, oorun àti ìrora ṣe rí lọ́jọ́ náà, kí o sì sàmì sí ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ọkàn rẹ bá balẹ̀ pátápátá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé nǹkan oṣù, PMS tàbí PMDD la ó fura sí. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ bá wà jálẹ̀ oṣù, tó kàn ń le sí i kí ẹ̀jẹ̀ tó dé, ó lè jẹ́ àìsàn mìíràn ló wà nídìí rẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ á sì yàtọ̀.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ti la irú rẹ̀ kọjá

Eré ìdárayá àti kálísíọ́mù ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún fítámì B6 tí wọ́n ń júwe kiri, nítorí pé bí ó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, ó lè ba iṣan ìmọ̀lára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jẹ́. Oògùn tí dókítà kọ fún mi ló ṣe iṣẹ́ gan-an.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ọkọ kan

Kí ọkọ yín má ṣe sọ pé “nǹkan oṣù ló ń dà ọ́ láàmú” nígbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́. Èmi mọ ohun tó máa ń fà. Nígbà tí ara bá tuù ni kí ẹ jókòó sọ ọ́, kí ẹ sì jọ fi àdéhùn sí i pé ọ̀rọ̀ ńlá yóò dúró di ẹ̀yìn ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Irú oògùn wo ni? Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má di bárakú.

Nọ́ọ̀sì

Àwọn oògùn SSRI, ìyẹn irú oògùn tí wọ́n tún fi ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, bíi fluoxetine àti sertraline, ni dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ lò. Wọn kì í di bárakú bí ọtí tàbí sìgá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Nínú PMDD, ó lè ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lò ó láti ìgbà tí ẹyin bá jáde títí nǹkan oṣù yóò fi dé nìkan. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ní drospirenone, irú họ́mọ̀nù kan, wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò bá gbogbo obìnrin mu, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan rẹ̀ rí. Ìtọ́jú onífọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú onímọ̀ nípa ọkàn náà wúlò.

Mo ní láti bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan: o ní ó máa ń ṣe ọ́ bí ẹni pé o kò wúlò. Ṣé ó ti wá sí ọ lọ́kàn rí pé kí o kú?

Ẹni tó béèrè

Ó ti wá. Oṣù tó kọjá ló le jù.

Nọ́ọ̀sì

O ṣeun tí o sọ ọ́. Má ṣe dúró de àkọsílẹ̀ oṣù méjì mọ́. Lọ rí dókítà lónìí, kí ẹnì kan tí o fọkàn tán bá ọ lọ, kí o sì sọ ọ́ fún dókítà bí o ṣe sọ ọ́ fún wa yìí, láìfi nǹkan kan pamọ́. Bí èrò náà bá tún dé kí o tó débẹ̀, má ṣe dá wà. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí o gbà lọ tààrà, ìbáà ṣe ọ̀gànjọ́ òru.