Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù: ìrírí mi nínú ẹ̀kọ́ físíìsì àti ìmọ̀ ìràwọ̀ ní Nsukka

Ọmọ Òṣogbo ni mí, ṣùgbọ́n Yunifásítì Nàìjíríà tó wà ní Nsukka ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì àti ìmọ̀ ìràwọ̀. Nígbà tí mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, ìyá mi bi mí pé kí ni ìràwọ̀ yóò fún mi jẹ, n kò sì rí èsì gidi fún wọn. Mo kàn ti gbọ́ nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Samuel Okoye, ẹni tí òun àti Antony Hewish jọ kéde láti Cambridge ní ọdún 1965 pé ohun kékeré kan wà nínú ìkúùkù Crab (èyí tó ṣẹ́kù lára ìràwọ̀ kan tó bú gbàmù) tó ń ta ìgbì rédíò líle jáde, kó tó di pé ayé mọ̀ ní ọdún 1968 pé ìràwọ̀ tó ń pòyì nǹkan bí ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló wà níbẹ̀. Nsukka ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Okoye padà wá kọ́ni, ibẹ̀ sì ni ọkàn mi fà sí.

Ọdún méjì àkọ́kọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìràwọ̀ nínú. Ìṣirò ni, ooru ni, iná mànàmáná ni. Mo gba 11 nínú 30 nínú ìdánwò kan, mo sì sunkún. Ọmọ Ìgbò tí a jọ ń gbé yàrá ló máa ń jókòó tì mí di ọ̀gànjọ́ títí ìbéèrè náà yóò fi yé mi.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ lẹ́nu ìyá mi àgbà pé Àgùàlà (pílánẹ́ẹ̀tì Venus) ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ọ̀rọ̀ ìwà ọmọ ènìyàn ni mo ka òwe náà sí. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, olùkọ́ wa ní kí a wọn bí Àgùàlà ṣe ga tó nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ike ìwọn-igun inú àpótí ìṣirò, okùn àti òkúta tí mo so mọ́ ọn ni ohun èlò mi. Ọyẹ́ fi eruku bo ojú ọ̀run fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ní àwọn ìrọ̀lẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́, mo rí dígírì 46, 48 àti 47. Bí oòrùn ti wà ní etí ilẹ̀, gíga yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ igun tó wà láàárín Àgùàlà àti oòrùn. Ìgbà náà ni Àgùàlà jìnnà sí oòrùn jù lójú wa, nítorí náà sáìnì (sine) igun yìí ni yóò sọ bí ó ṣe jìnnà sí oòrùn tó, bí a bá ka jíjìnnà ilẹ̀ ayé wa sí ọ̀kan. Mo rí 0.73. Iye tó wà nínú ìwé jẹ́ 0.72. Ike àti òkúta ni mo fi wọ̀n ọ́n! Orí koríko ni mo jókòó sí, n kò tètè lè dìde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 31 oṣù náà, oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé wá dúró ti Àgùàlà bí olówó àti ajá rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, oṣù ti gòkè fi í sílẹ̀ pátápátá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi awò-awọ̀nàjínjìn kékeré kan wo Àgùàlà, mo sì ń yà á sínú ìwé. Ní oṣù kìíní, ìdajì rẹ̀ ló ń tàn. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí oṣù tuntun, síbẹ̀ ó ti tóbi tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé ó ń sún mọ́ wa bí ó ti ń bọ̀ sáàárín àwa àti oòrùn.

Ní ọdún Àjíǹde, mo fi àwọn àwòrán náà han ìyá mi àgbà. Wọ́n wò wọ́n títí, wọ́n ní, "Ṣé òun náà máa ń lé bí oṣù ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ọjọ́ 584 ló fi ń tún un ṣe, àti pé oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni yóò tún tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sára ògiri yàrá wọn.