P2100: ṣé kí n ra throttle body tuntun?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọkọ̀ mi ń gbé kóòdù P2100 (ìṣòro nínú wáyà iná mọ́tò kékeré tó ń ṣí throttle) jáde, kì í sì í sáré mọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Mo pa kóòdù náà rẹ́, ó tún padà. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ throttle body, ìyẹn ẹ̀yà tó ń darí afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì.

Èsì 1:
Má tíì náwó. Yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wò ó bóyá ó ti dógùn-ún. Fi mítà wọn wáyà méjì tó lọ sí mọ́tò kékeré inú throttle náà.

Èsì 2:
Òótọ́ ni, àbúrò, ṣùgbọ́n mítà nìkan lè tàn ọ́ jẹ. Wáyà tó ti já kù fọ́nrán kan á ṣì fi nǹkan bí òdo hàn lórí ohms (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́), bí ẹni pé ó dára, kò sì ní lè gbé iná tí mọ́tò nílò. Ohun tí mo fọkàn tán ni gílóòbù 21W. Kọ́kọ́ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì throttle àti ti kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Jọ̀ọ́, má fi iná bátìrì ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà láé. Fi iná tó ní fíúsì sí orí wáyà kan, so gílóòbù mọ́ ìparí rẹ̀ kejì, kí o so ẹsẹ̀ gílóòbù kejì mọ́ ẹ́ẹ̀tì (irin ara ọkọ̀). Bó bá ń tàn bàìbàì, wáyà yẹn ti bàjẹ́. Máa mi wáyà náà bó ṣe ń tàn, pàápàá níbi tó ti tẹ̀ kọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá! Gílóòbù ń ṣẹ́jú níbi kọrọ yẹn gẹ́lẹ́. Wáyà ti ṣẹ́ nínú rọ́bà rẹ̀.

Èsì 2:
Fi sọ́dà jó wáyà náà pọ̀ dáadáa, kí o fi téèpù wé e. Má ti ìka bọ throttle nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn, ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ lè pa dé lójijì.